Mo Ti Lọ, Mi Ò Tíì Dìde

Òórùn ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ní Lẹ́kí. Kì í ṣe òkun, kì í ṣe ilé aláràbarà. Kí n tó mọ orúkọ ibùdókọ̀ kan ṣoṣo, kí n tó ní ẹni tí mo lè bu iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, imú mi ti mọ ibi tí mo wà. Àpáta ni ilẹ̀ wa ní Ìgbòho. Ẹni tó bá gbẹ́ ṣáláńgá níbẹ̀, ó gbẹ́ ẹ de ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni. Ní Lẹ́kí, yanrìn ni, omi ló sì wà lábẹ́ yanrìn. Wa ilẹ̀ dé orúnkún, omi á yọjú sí ọ bí àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn. Ohun tí èèyàn bá yà síbẹ̀ kò rí ibi gbà lọ. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, lábẹ́ òdòdó, lábẹ́ táìsì, lábẹ́ mọ́tò tí wọ́n fi aṣọ bò, ó ń retí òjò.

Ó rí mi lára. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ṣì ń rí mi lára bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ajah ni mo kọ́kọ́ gbé, lọ́dọ̀ àwọn ará ilé wa tó ń ṣe lébìrà. Nígbà náà, ńṣe ni wọ́n ń kọ́ ẹ́sítéètì sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Ẹ̀pẹ́ bí ẹni ń gbin àgbàdo. A ó po kankéré, a ó ru búlọ́ọ̀kù, a ó kọ́ ilé tó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi géètì sí i, a ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì, tí èmi àti ẹ̀ jọ jẹ ẹ̀bà nínú abọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, á wá bi mí pé, "Ta lo fẹ́ rí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kí obìnrin kan tó jókòó sínú mọ́tò. "Ẹ káàárọ̀ mà." Ó wò mí, ó sì yí gíláàsì sókè wẹ́rẹ́. Ní Ìgbòho, wèrè pàápàá máa ń jẹ́ni ní káàárọ̀. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù lórí, mo ń ronú pé bóyá èmi ni mi ò pe ọ̀rọ̀ náà dáadáa.

Nígbà tí èjìká mi ò gbà á mọ́, mo bọ́ sídìí táńkà tó ń fa sókàwéè, ìyẹn kòtò tí ìgbẹ́ ilé ń ṣàn sí. Bàbá Ráṣì ni dírẹ́bà wa. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Èmi ni mo ń di họ́ọ̀sì mú.

"Ará Òkè, dì í mú dáadáa o. Tó bá fò lọ́wọ́ ẹ, ìwọ lo máa kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Bàbá, ó ń rùn gan-an."

"Oúnjẹ àná àwọn olówó nìyẹn. Nígbà tó wà nínú abọ́, ta ló pè wá? Jẹ́ ká gbóòórùn ẹ̀, ó ṣáà kàn wá báyìí."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó ẹni ẹlẹ́ni. Obìnrin tó ni ilé yọjú láti ojú fèrèsé òkè, ó ní ká jọ̀ọ́, ká má ba òdòdó òun jẹ́.

Ọ́fíìsì wa wà ní Igbó Ẹfọ̀n, yàrá méjì lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà. Níbẹ̀ ni Àǹtí Lará ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun ló kọ ètò tí àwọn oníbàárà fi ń ránṣẹ́ sí wa láti orí fóònù, tí iṣẹ́ náà á sì yọ lójú fóònù àwọn dírẹ́bà. Mo máa ń dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń wo bí lẹ́tà ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Ìwé mi ò jìnnà, mo kàn jáde gírámà ni, ìdánwò ìṣirò ò sì gbà mí. Ṣùgbọ́n ojú mi fẹ́ràn nǹkan tó bá tò lẹ́sẹẹsẹ.

Ó yíjú padà lọ́jọ́ kan, ó di imú. "Ṣé o fẹ́ mọ̀ ọ́n?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí."

"Lọ wẹ̀, kó o padà wá."

Mo wẹ̀, mo padà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó yá mi ní lápútọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tí kò ní lẹ́tà mélòó kan mọ́, inú fóònù ni mo ti ń ka ìyókù.

Bí ó ṣe là á yé mi nìyí. Ó ní, "Nílé yín, tí omi bá ń bọ̀ ní bọ́ọ̀hù, kí lẹ máa ń ṣe?"

"A máa ń to garawa."

"Ṣé ìwọ fúnra ẹ máa ń dúró tì í?"

"Rárá o. Garawa á dúró fún mi, èmi á bá tèmi lọ."

"Ìlà iṣẹ́ nìyẹn. Ẹni tó ránṣẹ́ á gbé garawa ẹ̀ sílẹ̀, á máa lọ. Ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ á mú ti iwájú. Kò di dandan kí àwọn méjèèjì rójú ara wọn."

Ó ní kì í ṣe pé a máa bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Àwọn kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ tán fún aráyé lò, láíbúrárì ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló fẹ́ kí ẹni tó ń lò ó mọ̀: rán, gbà, pa rẹ́. Tí dírẹ́bà bá gba iṣẹ́ kan, ìlà náà kàn máa fi í pamọ́ fúngbà díẹ̀ ni, kí dírẹ́bà míì má bàa gbà á. Tó bá ṣe é tán, á ní kí ìlà pa á rẹ́. Tí kò bá wí nǹkan kan, ìlà á gbà pé ó ti kú sọ́nà, á gbé iṣẹ́ náà padà síta kí ẹlòmíì lè mú un.

Ọjọ́ tí mo kọ tèmi àkọ́kọ́, mo tẹ "Ẹ káàárọ̀ o" síbì kan, mo ní kó rán an. Mo lọ sójú fèrèsé kejì lórí kọ̀ǹpútà náà, mo ní kó gbà. Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o" yọ síbẹ̀. Mo fò sókè, mo fi orúnkún gbá tábìlì. Ẹ wò ó, láti ìgbà tí mo ti dé Lẹ́kí, káàárọ̀ àkọ́kọ́ tó dé ibi tí mo rán an sí nìyẹn, èmi náà ni mo rán an, èmi náà ni mo gbà á.

Màámi pè lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ọkọ mi, iṣẹ́ wo gan-an lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni, Màámi."

"Nínú yàrá tútù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni." Họ́ọ̀sì ni mo ń fọ̀ lọ́wọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́.

"Alhamdulilahi. Ṣé wàá wá ṣọdún Iléyá?"

"Ẹ má ṣèyọnu, mo ti ń bọ̀."

"Ọdún tó kọjá náà lo ní o ti ń bọ̀. Mo so adìyẹ mọ́lẹ̀ dè ọ́ títí adìyẹ fi yé ẹyin."

A rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò dùn mọ́ mi lẹ́nu lẹ́yìn tí fóònù kú. Mo mọ̀ pé á ti tẹ́ ẹní mi sí yàrá bàbá mi. Bí mo bá ti wí pé mo ti ń bọ̀, ẹní nìyẹn.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Àǹtí Lará rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Oniru. Ó ń tún apá ti àwọn dírẹ́bà kọ lọ́wọ́ nígbà náà, ó sì fi ìyókù lé mi lọ́wọ́. Ọ̀gá Délé tó ni ilé iṣẹ́ wa ní kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, kí ẹlòmíì máa di họ́ọ̀sì mú. Bàbá Ráṣì sọ mí ní Agbépòó Kọ̀ǹpútà. Mo dìbọ́n bí ẹni tó bínú, ṣùgbọ́n ṣáátì funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ibẹ̀ ni mo ti bà á jẹ́, ilé ni wọ́n sì ti kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Nílé wa, tí àgbà bá rán ọmọ níṣẹ́, ẹnu ọmọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ. "Mo ti lọ, Màámi," nígbà tí ìdí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Tí o bá dákẹ́ títí o fi jẹ́ ẹ tán, wọ́n á ní o ya aláìgbọràn. Tí wọ́n bá wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, tí wọ́n gbé e fún ọmọ ìyá rẹ, ìtìjú ńlá ni. Nítorí náà, nígbà tí mo ń kọ ọ́, ojú ń tì mí fún gbogbo iṣẹ́ tí ìlà ń fi pamọ́ bí ẹni pé kò fọkàn tán wa. Bí dírẹ́bà bá ti gbà á, mo ní kó pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, kó sì dá oníbàárà lóhùn pé, "A ti ń bọ̀." Gbà, pa rẹ́, lẹ́yìn náà ni dírẹ́bà á tó lọ ṣe é. Mo rò pé ọmọlúwàbí ni mo ṣe.

Ojú kọ̀ǹpútà mọ́ kedere. Kò sí iṣẹ́ kankan tó ń dúró. Ọ̀gá Délé máa ń wá dúró síwájú rẹ̀, á fọwọ́ nu ikùn. "Wò ó bó ṣe mọ́! Àǹtí ẹ ò ṣe é kó mọ́ tó báyìí."

Lẹ́yìn òjò ńlá kan, obìnrin kan gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa wá. Ó di bàtà sínú nílọ́ọ̀nù, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Ìyá Rẹ̀mí ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ìsàlẹ̀ pátápátá ló ń gbé nínú fúláàtì Jakande ní Ìlàsàn.

Ọ̀gá fà á lága. "Màmá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Tí mo bá jókòó, àga yín á rùn. Ta ló ń gba iṣẹ́ níbí? Mo ránṣẹ́, ẹ ní ẹ ti ń bọ̀. Mo tún rán, ẹ tún ní ẹ ti ń bọ̀. Ṣé Sókótó lẹ ti ń bọ̀ ni?"

Ọ̀gá yí kọ̀ǹpútà sí i. "Màmá, ẹ fojú yín wò ó. Kò sí nǹkan kan nílẹ̀. Ó mọ́."

"Ó mọ́?" Ó wo Ọ̀gá títí. "Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tẹ̀ lé mi."

Èmi ni mo tẹ̀ lé e. Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wa, kò bá mi sọ̀rọ̀, nílọ́ọ̀nù bàtà wà lórí itan rẹ̀ bí ọmọ. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, búlọ́ọ̀kù ló tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, orí wọn là ń tẹ̀ kọjá. Gbogbo ohun tí ilé mẹ́fà tó wà lórí rẹ̀ ti dà sílẹ̀ ló gba ihò ilé ìwẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó dúdú, ó ń hó wúyẹ́wúyẹ́. Ó ti gbé Bíbélì sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Lórí bẹ́ẹ̀dì, nínú ọ̀rá tó dì mọ́ra, ni kànìnkànìn tuntun wà, àti ọṣẹ ọmọ, àti àdí.

"Rẹ̀mí ti bímọ," ló wí. "Èmi ni màá wẹ ọmọ. Wọ́n ti fún wọn láyè láti kúrò ní ọsibítù, wọ́n sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Mo ní àwọn onítáńkà ti ń bọ̀."

Mo ti fa ìgbẹ́ ní ilé ńláńlá, mo ti bì, mo ti fara dà á. Ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ara mi ni mo ń gbóòórùn.

"Ìyá, ẹ má bínú. Èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Mo máa ń ní ká pa iṣẹ́ rẹ́ ká tó ṣe é."

Ó gbé ojú sókè. "Háà. Gẹ́gẹ́ bí ìjọba." Lẹ́yìn náà ló mí kanlẹ̀. "Wàá tún un ṣe, àbí wàá tún ní o ti ń bọ̀?"

Mo padà sí Igbó Ẹfọ̀n. Bàbá Ráṣì sọ bó ṣe jẹ́: táńkà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí títì márosẹ̀, ó dúró ti mẹkáníìkì títí, ó lọ sílé, nígbà tó jí, fóònù ò rántí Ìyá Rẹ̀mí mọ́, òun náà ò rántí. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, ó gbà á, wọ́n pè é sí ẹ́sítéètì kan, ó yà lọ síbẹ̀. "Ṣebí fóònù ló máa rán mi létí," ló wí. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo gba ìrántí lọ́wọ́ fóònù.

Mo ṣàlàyé fún Ọ̀gá Délé. Ó gbọ́ ọ yékéyéké, ìyẹn gan-an ló bí mi nínú jù.

"Má tíì fọwọ́ kàn án," ló wí. "Àwọn ará ẹ́sítéètì Oniru ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa lọ́la, kí wọ́n tó gbé tiwọn fún wa. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n bá nìyẹn. Pé kò sẹ́ni tó ń dúró dè wá."

"Ṣùgbọ́n wọ́n ń dúró, Ọ̀gá. Mo dé ibẹ̀."

"Ṣé inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń dúró sí?"

"Táńkà kan tún ti wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kejì ńkọ́? Kó kàn yára dé Jakande."

Ó nawọ́ sí ìsàlẹ̀. Wọ́n ń fọ táńkà kejì níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà. Wọ́n fi ọṣẹ olóòórùn dídùn fọ̀ ọ́, wọ́n ń kun táyà rẹ̀ kó lè dán. Ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ títí àwọn àlejò fi máa lọ. Táńkà ìgbẹ́, ó ń ta sánsán bí ìyàwó, nígbà tí ìgbẹ́ ń lé ọmọ tuntun kúrò nílé ìyá àgbà rẹ̀. Mo tutọ́ sílẹ̀. Mi ò tíì rí ohun tó dọ̀tí tó mímọ́ yẹn.

Mo pe Àǹtí Lará. Mo kà á fún un bí mo ṣe kọ ọ́, ó pariwo lórí fóònù. "Ta ló ní kó o pa á rẹ́ níbẹ̀? Gbé e wá sísàlẹ̀ pátápátá!" Ìlà ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí tó ní kó pa iṣẹ́ rẹ́, ni mo gbé kúrò lókè wá sísàlẹ̀. Mo tún fi kún un pé kì í ṣe dírẹ́bà ló máa ní ó ti parí mọ́, ẹni tó ránṣẹ́ ni. Lẹ́yìn náà mo gba fóònù ọ́fíìsì, mo ń pe àwọn oníbàárà, mo ń bi wọ́n bóyá a ti dé ọ̀dọ̀ wọn lóòótọ́. Èébú tí mo jẹ, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Ẹni tó bá ní a ò dé, mo tún iṣẹ́ rẹ̀ rán. Ìyá Rẹ̀mí ló ti ń dúró pẹ́ jù, tiẹ̀ ni mo fi ṣíwájú.

Láàárọ̀, mo sọ fún Ọ̀gá kí àwọn àlejò tó gòkè. "Mo ti tún un ṣe, sà. Ìlà máa hàn."

Ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n bàtà ti ń dún lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin kan àti ọkùnrin méjì ni. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó ń fi ẹ̀yìn bo kọ̀ǹpútà. Obìnrin náà ní kó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jakande, Ìlàsàn ló wà lókè níbẹ̀. Nísàlẹ̀, Bàbá Ráṣì tẹ fóònù bí ìṣe rẹ̀, ó gbà á. Jakande pòórá. Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ìgbà tó yá, Jakande tún yọ padà.

"Kí ló ń lọ tó tún ń padà yìí?" obìnrin náà bi wá.

Ọ̀gá wò mí. Ojú tó fi wò mí, tó bá jẹ́ họ́ọ̀sì ni, ì bá fà mí gbẹ.

"Iṣẹ́ tí a gbà tí a ò tíì ṣe ni, mà," ni mo wí.

"Táńkà tó wà nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Obìnrin náà fa àga, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. "Ẹ lọ ṣe é nígbà náà. Màá máa wo ìgbà tó máa lọ tí kò ní padà."

Ọ̀gá ju kọ́kọ́rọ́ lù mí láyà. "Ìwọ àti ẹnu ẹ, ẹ lọ di họ́ọ̀sì mú."

Ṣáátì funfun wà lọ́rùn mi. Bàbá Ráṣì wakọ̀ bí ẹni tí ọlọ́pàá ń lé, ó ń rẹ́rìn-ín lọ. "Agbépòó Kọ̀ǹpútà, o ti padà sílé!" Ní Jakande, họ́ọ̀sì ò gùn tó, a ní láti so méjì pọ̀. Ibi tí a ti so wọ́n tú. Mi ò ní sọ ibi tó dà sí fún yín.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, mo ní, "Ìyá, ẹ tẹ fóònù yín pé ó ti parí."

"Ó ti parí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà, a ti fà á tán."

"Mi ò tíì wò ó." Ó pọn garawa omi, ó gbé e lọ sílé ìwẹ̀, ó dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tẹ́tí sí ihò náà. Bàbá Ráṣì fọn fèrè mọ́tò níta, kò tilẹ̀ yíjú. Ó pọn òmíràn, ó tún dà á. Omi náà lọ, kò padà. Ìgbà yẹn ló tó nu àtàǹpàkò mọ́ ìró, tó tẹ fóònù. Kí n tó ká họ́ọ̀sì tán, ó ti ń pe Rẹ̀mí.

Àwọn ará Oniru ò fún wa ní iṣẹ́ náà. Ọ̀gá dá mi padà sídìí họ́ọ̀sì, ẹnì kan tó gbọ́n jù mí lọ ló wà nídìí kọ̀ǹpútà báyìí. Kò yí ìlà ọ̀rọ̀ tí mo gbé sísàlẹ̀ padà, bóyá nítorí kò mọ̀ pé ó ti wà lókè rí. Òórùn yẹn ṣì ń rí mi lára. Obìnrin inú mọ́tò ò tíì jẹ́ mi ní káàárọ̀. Títì márosẹ̀ yìí, mo mọ gbogbo kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò tíì mọ èyí tí mo lè pè ní tèmi.

Màámi pè lánàá.

"Ọkọ mi, kọ̀ǹpútà ńkọ́?"

"Màámi, ìgbẹ́ ni mò ń fà. Nínú ilé àwọn èèyàn."

"Ṣé o máa ń wẹ̀?"

"Mo máa ń wẹ̀."

"Kò burú." Mo gbọ́ tí ewúrẹ́ ké lẹ́yìn rẹ̀, mo gbọ́ tó lé e. "Ọdún ti súnmọ́lé. Ṣé o ti ń bọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu mi. Mo gbé e mì.

"Rárá, Màámi. Mi ò tíì gbéra."

Ewúrẹ́ náà tún ké, ó tún lé e.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mi ò ní tíì ká ẹní ẹ."